Telegram fún ẹgbẹ́ ńlá tó ń kọ́ Yorùbá kíkọ: àyẹ̀wò láti Kétu

Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwa ará Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin nílé-ìwé. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ lórí WhatsApp láti kọ́ bí a ṣe ń ka Yorùbá àti bí a ṣe ń kọ ọ́ fi tètè kún, tí àwọn ará Sábẹ̀ẹ́, Àjàṣẹ́ àti Ìmẹ̀kọ lápá Nàìjíríà sì ń tọrọ àyè. Ẹgbẹ́ WhatsApp kan kì í gbà ju ènìyàn 1,024 lọ. Ti Telegram ń gba 200,000. Ìyẹn ló gbé wa débẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe iye èrò ni mo fi yìn ín.

Ohun tó wúlò jù níbẹ̀ ni pé alábòójútó lè pín ẹgbẹ́ kan sí ẹ̀ka-ẹ̀ka. Ẹni tó bá kọ́ àkọtọ́ ti Benin yóò kọ “kpɛ́kpɛ́yɛ”, ẹni tó bá kọ́ ti Nàìjíríà yóò kọ “pẹ́pẹ́yẹ”, bí ẹni tuntun bá sì ti wọlé, àríyànjiyàn lórí èyí tó tọ̀nà tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní báyìí, ọ̀rọ̀ àkọtọ́ ní ẹ̀ka tirẹ̀, àlàyé olùkọ́ sì wà lókè pátápátá níbi tí ojú àlejò yóò ti kọ́kọ́ bá a. Alábòójútó tún lè pàṣẹ pé ẹni tó bá ti kọ̀wé kó sinmi díẹ̀ kó tó tún kọ òmíràn, ìsinmi náà sì lè gùn tó wákàtí kan. Èyí bá wa mu gan-an, nítorí Yorùbá kì í rí ara wọn kí wọ́n má kíra: kí aago mẹ́jọ tó lù, “ẹ kú ojúmọ́” àti àdúrà ti bo ẹ̀kọ́ àná mọ́lẹ̀.

Mo fẹ́ràn ìdánwò rẹ̀ pẹ̀lú. Olùkọ́ yóò béèrè pé èwo nínú “ọkọ”, “ọkọ́” àti “ọkọ̀” ni à ń fi roko. Ẹni tó bá mú ọ̀kan yóò rí èsì lójú ẹsẹ̀, a sì lè ṣètò rẹ̀ kí orúkọ ẹnikẹ́ni má hàn. Bàbá tí ọmọ rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà lè ṣì í láìsí ìtìjú.

Àtúnṣe iṣẹ́ kíkọ ni kò bá èrò púpọ̀ lọ. Bí ẹnì kan bá gbé àròkọ rẹ̀ síta, àwọn tó fẹ́ tún un ṣe yóò pọ̀ ju gbólóhùn inú rẹ̀ lọ, ẹnu wọn kò sì ní kò. Onítìjú yóò dákẹ́ láti ọjọ́ náà lọ. A ti dá iṣẹ́ yìí padà sí WhatsApp, níbi tí olùkọ́ kan ń bójú tó ènìyàn díẹ̀ tó mọ̀ dáadáa. Olùkọ́ tó bá sì ń fi ohùn ṣàlàyé ní láti kọ kókó rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹni tó ń wá a lẹ́yìn ọ̀la lè rí i.

Ẹgbẹ́ tí kò bá tíì kún kò nílò Telegram. Ẹni tó bá sì fẹ́ wọlé, kó kọ́kọ́ ṣètò fóònù rẹ̀ kí fídíò má máa wọlé fúnra rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ mẹ́gà (dátà) rẹ̀ yóò tán kó tó ka ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́.