Oṣù Mẹ́ta Nílé Ìgbafẹ́ Àwọn Àgbà Kan n'Ìkòròdú

Lẹ́yìn tí bàbá mi papòdà, màmá mi, ẹni ọdún 74, bẹ̀rẹ̀ sí í jí ní aago mẹ́ta òru, oorun kò sì ní padà wá mọ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Orúnkún ni wọ́n ń ráhùn rẹ̀, oògùn ìpara ni àwa ọmọ sì ń rà, àfi ọjọ́ tí wọ́n ti àwo ìkọ́kọrẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìtọ́ ọ wò ni ara tó fu mí. Ìsoríkọ́ ni dókítà pè é. Àǹtí mi ní ogbó lásán ni. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2007, lórí àwọn àgbà tó ju 2,000 lọ tí wọ́n ti pé ọdún 65 nílẹ̀ Yorùbá, rí i pé bí 7 nínú 100 ni àìsàn náà mú láàárín ọdún kan. Bí ó bá jẹ́ ogbó ni, ṣebí gbogbo wọn ni ì bá mú.

Dókítà kọ oògùn, ó sì ní kí a má dá wọn fi sílẹ̀ nílé látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìyẹn ló gbé wa dé ilé ìgbafẹ́ kan lójú ọ̀nà Ìgbógbó, níbi tí wọ́n ti ń gba N2,000 lójúmọ́, tòun ti oúnjẹ ọ̀sán. Ọpọ́n ayò wà níbẹ̀, ìjókòó sì tutù, àmọ́ ohun tí mo yìn jù ni obìnrin tó ń dáná. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ewùrà tó fẹ́ fi se ìkọ́kọrẹ́ ka iwájú màmá mi, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, ṣé èyí dáa?" Wọ́n fi èékánná họ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ní omi rẹ̀ ti pọ̀ jù, kó fi gààrí díẹ̀ mú un. Láti ọjọ́ náà ni rírin ewùrà ti di iṣẹ́ wọn, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun dáadáa. Mi ò lè sọ èyí tó jẹ́ ti oògùn níbẹ̀ àti èyí tó jẹ́ ti ewùrà.

Àléébù ilé ìgbafẹ́ náà kò kéré. Àràárọ̀ ni nọ́ọ̀sì ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣùgbọ́n ìbéèrè 15 oní-bẹ́ẹ̀-ni-bẹ́ẹ̀-kọ́ tí a fi ń mọ ìsoríkọ́ àgbàlagbà, tí ẹni tó bá gba ju máàkì 5 lọ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ rí dókítà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n bi màmá mi, èmi ni mo sì bẹ̀bẹ̀ fún un. Nígbà tí mo tún béèrè, wọ́n ní ìwé rẹ̀ ti tán. Tẹlifíṣọ̀n wọn máa ń ké tantan. Bàbá kan tí etí ń dí ló jókòó tì í, tó kọjú sí ògiri. N kò rí i kí ẹnì kan bá wọn sọ̀rọ̀ rí, bẹ́ẹ̀ àìgbọ́ràn wà lára ohun tó ń lé àgbà sínú ìdánìkanwà.

A ti san owó oṣù tó ń bọ̀, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Màmá mi ní kí n má fi ọjọ́ Ẹtì kún un, nítorí ìrẹsì ni wọ́n ń sè lọ́jọ́ náà, kò sì sí iṣẹ́ tí àwọn fẹ́ ṣe níbẹ̀.