Express Entry Kánádà gbé mi wọ̀lú, ètò ọ̀fẹ́ ló bá mi wáṣẹ́: àgbéyẹ̀wò láti ọwọ́ ẹnjiníà kan

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń bi mí nípa Kánádà ló ń da ìwé ìgbélùú pọ̀ mọ́ iṣẹ́. Wọ́n rò pé nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí èèyàn mọ̀ ọ́n ṣe ni ìjọba fi ń yàn án, iṣẹ́ ọ̀hún á ti máa dúró dè é ní pápákọ̀ òfurufú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀tọ̀ ni àwọn tó ń fúnni ní PR, ìyẹn ìwé ìgbélùú náà, ọ̀tọ̀ ni àwọn tó ń gbani síṣẹ́, ìkíní kì í sì í bi ìkejì léèrè ohunkóhun. Ẹnjiníà iná mànàmáná ni mí. Ilé-iṣẹ́ kan ní Àgbárá ni mo ti ń ṣiṣẹ́ kí èmi àti ọkọ mi tó kó wá sí Brampton ní Ontario. Ètò méjì ni mo lò, mo sì fẹ́ sọ bí mo ṣe rí wọn: Express Entry, tí ìjọba àpapọ̀ Kánádà fi ń yan àwọn oníṣẹ́ ìmọ̀, àti ètò ìrànlọ́wọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba yìí kan náà ń sanwó rẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kò sẹ́ni tí kò mọ ti àkọ́kọ́. Ìkejì yìí, bóyá torí pé ọ̀fẹ́ ni, àwọn èèyàn wa kì í kà á kún, òun gan-an ló sì ṣe mí lóore jù.

Oṣù Kìíní 2015 ni Express Entry bẹ̀rẹ̀, orí íńtánẹ́ẹ̀tì sì ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹni tó bá ń ti Nàìjíríà bọ̀ bíi tèmi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní máàkì 67, ó kéré tán, nínú 100 lórí òṣùwọ̀n Federal Skilled Worker. Lẹ́yìn ìyẹn ni òṣùwọ̀n kejì tó ń jẹ́ CRS, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,200, á wá to gbogbo àwọn tó wọlé láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìjọba á sì máa ké sí àwọn tó wà lókè. Ohun tó wù mí jù nínú ètò yìí ni pé kò béèrè ẹni tí èèyàn mọ̀. Ibi tí lẹ́tà ọ̀gá ńlá ti ń ṣílẹ̀kùn ni mo dàgbà sí. Níbí, ẹ̀rọ ìṣirò wà lójú òpó ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́, mo sì ti mọ iye máàkì mi kí n tó ná kọ́bọ̀.

Ọjọ́ orí ni ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹni ọdún 20 sí 29 tí kò ní ọkọ tàbí aya ń gba máàkì 110 lórí ọjọ́ orí nìkan. Tó bá fi máa pé ogójì, ó ti já sí 50; ní ọdún 45, kò sí nǹkan kan mọ́. Torí náà, tọkọtaya ní láti jókòó ṣírò orúkọ ẹni tí yóò ṣáájú. Nílé wa, orúkọ mi la fi síwájú, torí mo kéré sí ọkọ mi, mo sì ní másítà. Àbúrò ọkọ mi tó ń gbé ní Calgary tún fún wa ní máàkì 15, nítorí wọ́n ń ka ọmọ ìyá ẹni tàbí ti ọkọ ẹni tó bá ti di olùgbé Kánádà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í rántí kọ ìyẹn sílẹ̀.

Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ń ká ọ̀pọ̀ wa lára. A fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé fásitì, síbẹ̀ wọ́n ní ká lọ ṣe IELTS. Ó ká èmi náà lára. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí owó àti oorun tí èèyàn bá fi dù ú ti ń mú máàkì wá tó ibẹ̀. Ìpele tí wọ́n ń pè ní CLB 9 ni ẹ máa lé: 8 nínú gbígbọ́, 7 nínú kíkà, kíkọ àti sísọ. Ẹni tó ní másítà àti ìrírí ọdún mẹ́ta ní òkèèrè, tó sì dé CLB 9 nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á gba máàkì 100 lórí àjọṣe ìwé ẹ̀rí, ìrírí àti èdè. Bí gbígbọ́ rẹ̀ bá jẹ́ 7.5, ó di 50. Ìdajì máàkì nínú ìdánwò kan ló gbé àádọ́ta lọ yẹn.

Transcript, ìyẹn ìwé èsì ẹ̀kọ́ fásitì, ló pẹ́ jù. WES, àjọ tó bá mi yẹ ìwé ẹ̀rí wò, kì í gba transcript lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Fásitì fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́. Fásitì tí mo ti jáde, tí n kò ní dárúkọ, gba owó mi wéré, àmọ́ fáìlì mi di àwátì. Ẹ̀gbọ́n mi ní láti lọ jókòó tì wọ́n ní ọ́fíìsì kí ìwé tó jáde. Ohun tí mo ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí ni pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí transcript kí wọ́n tó sanwó IELTS. Ọdún méjì péré ni èsì IELTS fi ń wúlò fún ètò yìí. Ti àyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí jẹ́ ọdún márùn-ún.

Ní ti owó, mi ò ní fi bò yín lójú: ètò olówó gọbọi ni. Ní ìparí oṣù Kẹrin 2024, wọ́n gbé owó ìwé àti ẹ̀tọ́ ìgbélùú fún àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan dé 1,525 dọ́là Kánádà, láìka àyẹ̀wò dókítà, ìtẹ̀ka àti ìwé ọlọ́pàá mọ́ ọn. Èyí tó wúwo jù ni owó tí èèyàn gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ní ní báńkì. Ní oṣù Keje 2025, wọ́n gbé e dé 15,263 dọ́là fún ẹni kan ṣoṣo, ó sì ń ga sí i bí ìdílé bá ṣe pọ̀ tó. Wọn kì í gba owó tí a yá. Ẹ sì rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí náírà: dọ́là Amẹ́ríkà tó wà ní nǹkan bí 460 náírà ní báńkì títí di oṣù Kẹfà 2023, kò pé ọdún kan tó fi kọjá 1,400. Owó tí a ti ń tu jọ láti ọdún pípẹ́ bá di yẹpẹrẹ mọ́ wa lọ́wọ́. A ta mọ́tò, ọkọ mi ta ilẹ̀ rẹ̀ ní Ọ̀tà, a sì kó ìwé títà méjèèjì mọ́ ìwé báńkì, nítorí owó ńlá tó bá ṣàdédé wọlé gbọ́dọ̀ ní àlàyé.

Ìpè onísọ̀rí, tí wọ́n fi ń pe irú àwọn oníṣẹ́ kan lọ́tọ̀, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ní 2023, ló mú mi. Ti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ àti sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ṣe ní oṣù Kẹrin 2024 ni wọ́n fi pè mí. Tí ìpè bá ti dé, ọgọ́ta ọjọ́ péré lèèyàn ní láti kó gbogbo ìwé sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí lẹ́tà ibi iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ kó tó dé. Lẹ́tà yẹn gbọ́dọ̀ sọ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe gan-an, wákàtí ọ̀sẹ̀ àti owó oṣù. “Ó jẹ́ òṣìṣẹ́ wa, ìwà rẹ̀ sì dára” kò tó. Ẹnì kan ní Ìkẹjà ní kí n san mílíọ̀nù mélòó kan kí òun lè bá mi ra lẹ́tà iṣẹ́ láti Kánádà. Ẹ sá fún irú wọn. Láti 25 oṣù Kẹta 2025 ni ìjọba ti yọ máàkì tó wà lórí lẹ́tà iṣẹ́ kúrò nínú CRS, torí jìbìtì tó pọ̀ níbẹ̀.

Mo fún Express Entry ní mẹ́rin nínú márùn-ún, ìdí tí mo sì fi yọ ọ̀kan rèé. Ó ń ka èèyàn sí ẹnjiníà láti fún un ní máàkì, ṣùgbọ́n kò sí ibì kan nínú gbogbo fọ́ọ̀mù ọ̀hún tó ti sọ ọ́ fún mi gbangba pé bí mo bá dé Ontario, òfin ò gbà kí n pe ara mi ní ẹnjiníà láìní láísẹ́ǹsì Professional Engineers Ontario, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà níbẹ̀. Láísẹ́ǹsì yẹn ń béèrè àyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí mìíràn, ìrírí oṣù 48 àti ìdánwò lórí òfin àti ìwà ọmọlúàbí lẹ́nu iṣẹ́. Ohun kan tó dùn mọ́ mi ni pé láti oṣù Karùn-ún 2023, wọn ò béèrè pé kí ọdún kan nínú ìrírí náà jẹ́ ti Kánádà mọ́.

Ibí ni ètò ọ̀fẹ́ ti wọlé. Ìjọba àpapọ̀ ń sanwó fún àwọn àjọ tó ń ran aṣẹ̀ṣẹ̀dé lọ́wọ́ káàkiri orílẹ̀-èdè náà, kódà ẹni tí wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti Èkó. Èmi bẹ̀rẹ̀ láti Àgbárá, lórí fóònù, lálẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé kí n yọ fọ́tò, ọjọ́ orí, ẹ̀sìn, ìpínlẹ̀ àti orúkọ ọkọ kúrò nínú CV mi. Ojú ìwé méjì ló kù. Ibẹ̀ náà ni mo ti gbọ́ pé kí n má wulẹ̀ máa wá “engineer” kiri. Iṣẹ́ mi wà lábẹ́ orúkọ mìíràn: electrical designer, maintenance planner, controls specialist. Àwọn yẹn ò ní kí n ní láísẹ́ǹsì tẹ́lẹ̀, torí abẹ́ ẹni tó ní in ni èèyàn á ti ṣe é.

Nígbà tí a dé, wọ́n fi mí sínú kíláàsì ìmúbọ̀sípò fún àwọn ẹnjiníà tó ti òkèèrè wá. Mi ò rí owó tí mo lè fi ra ohun tí mo kọ́ níbẹ̀. Ní Àgbárá, iná 415 fóòlù, 50 Hz, ni mo mọ̀. Nínú àwọn ilé-iṣẹ́ Ontario, 600 fóòlù, 60 Hz ni, ìwé òfin iná wọn sì yàtọ̀ pátápátá. Ohun èlò Siemens la fi ń darí ẹ̀rọ nílé. Ti Allen-Bradley ló kún ibí. Ẹni tí kò bá lè sọ̀rọ̀ lórí nǹkan wọ̀nyí níwájú agbanisíṣẹ́, kò sí bó ṣe gbọ́n tó, wọ́n á ní kò tíì ní “ìrírí Kánádà”. Mo gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu oríṣiríṣi ọ̀gá, ó sì máa ń dun èèyàn wọra. Láti 1 oṣù Kìíní 2026, òfin Ontario ti sọ pé ilé-iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìpolówó iṣẹ́ mọ́. Inú mi dùn sí òfin náà gan-an, àmọ́ òfin ò lè mú un kúrò lọ́kàn ẹni tó ń fọ̀rọ̀ wáni lẹ́nu wò, ìdí nìyẹn tí kíláàsì yẹn fi ṣe pàtàkì.

Wọ́n tún so mí pọ̀ mọ́ ẹnjiníà kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ níbí, kó máa tọ́ mi sọ́nà. Kò fún mi níṣẹ́, kò sì ṣèlérí rẹ̀. Ó kàn ń jẹ́ kí n ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pẹ̀lú òun léraléra, ó sì fi mí mọ àwọn méjì kan lẹ́nu iṣẹ́ wa. Ọ̀kan nínú wọn ló sọ fún mi nípa àyè iṣẹ́ tí wọn ò tíì polówó, ibẹ̀ ni mo sì wà títí di òní.

Ètò náà ní kù-dìẹ̀-kù-dìẹ̀. Ọwọ́ ẹni tí èèyàn bá bọ́ sí ló kù. Olùdámọ̀ràn àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn fún mi ò gbọ́ nǹkan kan nípa iṣẹ́ mi, ilé ìkẹ́rùsí ló ń tọ́ka sí ṣáá. Mo ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni, ẹ bèèrè. Mi ò bú iṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí tàbí ti síkiọ́rítì o. Ọkọ mi ṣe síkiọ́rítì lẹ́yìn ẹ̀kọ́ wákàtí 40 tí òfin Ontario béèrè, òun la fi san owó ilé kí tèmi tó dúró. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ó má gba gbogbo wákàtí tọkọtaya, kí ẹnì kan ráyè lọ sí kíláàsì.

Ta ni mo lè sọ fún pé kó máa bọ̀ báyìí? Iye àwọn tí Kánádà fẹ́ gbà ti ń dín kù: 395,000 ní 2025, 380,000 fún 2026 nínú ètò tí wọ́n kéde ní oṣù Kẹwàá 2024. Máàkì ìpè gbogbogbòò tí wọ́n ṣe ní 2024 ju 500 lọ. Ẹni tó ti lé ní ogójì tí kò ní ju Gẹ̀ẹ́sì àti dìgírì kan, mi ò ní sọ fún un pé kó ta ilẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará wa ní Kùtọnu, Àjàṣẹ́, Kétu àti Lomé tí wọ́n fi Faransé kàwé ní ohun tí àwa ará Nàìjíríà ò ní. Ìpè wà fún àwọn tó bá gbọ́ Faransé dé ìpele tí wọ́n ń pè ní NCLC 7, kódà bó bá jẹ́ Ontario, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti gbilẹ̀, ni wọ́n fẹ́ gbé. Ní ìparí oṣù Kejì 2024, máàkì irú ìpè bẹ́ẹ̀ kan sọ̀kalẹ̀ dé 336. Ìdánwò Faransé, TCF Canada tàbí TEF Canada, ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ ṣe, kí wọ́n tó ronú nípa ohunkóhun mìíràn.