RTL-SDR Blog V4: ó ń tú àṣírí gílóòbù àti ṣájà

Kí n tètè là á o, tó bá jẹ́ ìròyìn àti bọ́ọ̀lù lẹ fẹ́ máa gbọ́, ẹ lọ ra rédíò lásán, ó máa rọ̀ yín lọ́rùn ju èyí lọ. Àmọ́ ẹni tí rédíò ẹ̀ ń hó ṣììììì látàárọ̀ ṣúlẹ̀, pàápàá ẹni tó ń gbọ́ shortwave, ìyẹn ìgbì rédíò tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá, tí ò sì mọ nǹkan tó ń fà á nínú ilé, onítọ̀hún ni RTL-SDR Blog V4 wà fún, ẹ̀rọ kékeré tó ń gba ìgbì rédíò sínú kọ̀ǹpútà. Bíi fláàṣì lásán ló rí, ẹ máa kì í bọ ojú USB láptọ̀ọ̀pù, ẹ so wáyà mọ́ ọn nídìí, sọ́fítíwià ló máa ṣe ìyókù. Owó ẹ̀ ń lọ bíi dọ́là 30 sí 50, ó kù sọ́wọ́ bóyá ẹ ra èyí tó ní àńtẹ́nà àbí èyí tí ò ní. Ṣíìpù RTL2832U tó wà nínú ẹ̀, tẹlifíṣọ̀n orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é tẹ́lẹ̀, ọdún 2012 làwọn ọlọ́pọlọ kan já a pé ó lè gbé ìgbì rédíò fún kọ̀ǹpútà bó ṣe wà, ohun tó jẹ́ kó pọ́ọ́kú nìyẹn.

Ibi tó ti dùn gan-an ni waterfall, àwòrán tó ń ṣàn wálẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà tó ń fi ìgbì tó ń wọlé hàn: MHz ló lọ látòsì sí ọ̀tún, àkókò ló lọ látòkè sísàlẹ̀. Ẹ ṣí SDR++, sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ ni, ẹ lọ sísàlẹ̀ 30 MHz torí ibẹ̀ lariwo inú ilé pọ̀ sí jù, kẹ́ ẹ wá máa wò ó. Ṣájà olówó pọ́ọ́kú àti gílóòbù LED máa ń fa ìlà sísanra tó rí jágajàga látòkè délẹ̀, àlàfo àárín wọn dọ́gba, wọ́n sì máa ń rọra sún lọ sún bọ̀ bí nǹkan náà bá ṣe ń gbóná. Jẹnẹrétọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀, I-better-pass-my-neighbour ará ilé kejì, gbogbo ìgbà tí plug ẹ̀ bá ti ṣáná ni ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan máa dábùú ojú kọ̀ǹpútà látòsì dé ọ̀tún, tí ẹ́ńjìnnì bá sáré sí i ìlà yẹn á túbọ̀ sún mọ́ra. Ti sólà ló pa mí lẹ́rìn-ín jù, charge controller MPPT yẹn, èyí tó ń darí iná sólà lọ sínú bátìrì, oòrùn yọ ló ń yọ, oòrùn wọ̀ ló ń wọ̀.

Àwa tá a wà ní Nàìjíríà sì lérè kan nínú ìyà iná tó ń jẹ wá yìí. Tí wọ́n bá mú iná lọ, tí láptọ̀ọ̀pù yín ń lo bátìrì, ohunkóhun tó bá pòórá lójú ẹsẹ̀ yẹn, iná yẹn ló ń jẹ, èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ wo inverter, ẹ ṣáà ṣe kíá kí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò tó bẹ̀rẹ̀. Tí iná bá dé, ẹ máa tan nǹkan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gílóòbù kan wà lókè tábìlì oúnjẹ wa, bí mo bá ti tẹ súìṣì ẹ̀ báyìí, ìlà tó ń fi bí ariwo ṣe pọ̀ tó hàn á fò sókè bíi 15 dB (dB ni wọ́n fi ń wọn agbára ìgbì) ní àyíká 7 MHz, mo pa á, ó wálẹ̀ wọ̀ọ̀, mo tún tàn án, ìyàwó mi ní kí n jọ̀ọ́ kí n jẹ́ káwọn èèyàn jẹun.

Ó ní àléébù o. 8-bit ni, ìyẹn ni pé kò lè gba ìgbì tó lágbára gan-an àti èyí tí ò lágbára pọ̀ dáadáa, tí ilé iṣẹ́ FM tó lágbára bá wà nítòsí yín, ẹ máa rí i níbi tí kò sí rárá, fílítà díẹ̀ wà nínú V4 àmọ́ kò ká a tán, ẹ ra fílítà tó ń dí 88–108 MHz, ìyẹn FM, so mọ́ ọn níta. Nọ́ńbà dB tó ń gbé jáde, ẹ fi wé ara wọn ni, ẹ má fi búra. Àńtẹ́nà inú páálí kúrú jù fún shortwave, wáyà gígùn tó gba ojú fèrèsé jáde ló dáa. Ó máa ń gbóná, irin ara ẹ̀ ni wọ́n fi ń lé ooru jáde. Dráífà àtijọ́ ò mọ V4, tuntun ni kẹ́ ẹ fi sí i. Ẹ sì yọ ṣájà láptọ̀ọ̀pù kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ jàre, òun náà wà lára àwọn ọ̀daràn.

Ẹni tó bá ti ní V3, èyí tó ṣáájú V4, nílé, kó má wulẹ̀ náwó míì. Upconverter 28.8 MHz, tó ń gbé ìgbì shortwave sókè síbi tí ẹ̀rọ náà ti lè gbà á, wà nínú V4, shortwave ẹ̀ sì mọ́ ju ti V3 lọ lóòótọ́, àmọ́ gílóòbù tó ń pariwo, V3 náà á mú un. Owó yẹn, ẹ fi ra ferrite, òrùka dúdú tó ń dín ariwo kù, tí wọ́n ń dè mọ́ wáyà ṣájà, kẹ́ ẹ sì we wáyà náà gba inú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan torí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan nísàlẹ̀ 30 MHz.