Kúìsì alẹ́ nípa ojú l'Alágbàká: ó tówó ẹ̀, àmọ́ wọ́n ṣì ní iṣẹ́ ṣe

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí bóyá kúìsì alẹ́ tí ilé oúnjẹ kan ń ṣe l'Alágbàká, l'Àkúrẹ́, tówó ẹ̀, ẹ lọ o, ó tówó ẹ̀ dáadáa. N3,000 ni tíkẹ́ẹ̀tì, oúnjẹ wà nínú ẹ̀, wọ́n á pín yín sí tábìlì, ẹ ó máa fi fóònù dáhùn, máàkì tábìlì kọ̀ọ̀kan á sì máa jáde lójú tẹlifíṣàn ńlá tó wà níwájú. Torí pé 15 October ni wọ́n máa ń ṣe ọjọ́ ọ̀pá funfun fún àwọn tí ò ríran, orí ọ̀rọ̀ ojú ni wọ́n gbé gbogbo ìbéèrè ti oṣù yẹn kà, wọ́n sì pe àwọn kan tí ò ríran wá bá wa jókòó, bọ̀dá kan tó jẹ́ tíṣà bọ́ sí tábìlì tiwa.

Ohun tó jẹ́ kó dùn ni pé kì í ṣe ìbéèrè inú ìwé lásán. Wọ́n ní tí Ápólò bá mú ọmọ ẹ, kí lo máa kán sí i lójú: omi ọyàn, ìtọ̀, omi ṣúgà, àbí kò sí ìkankan nínú ẹ̀? Ariwo sọ! Màmá kan tó ń ta aṣọ l'Ọ́jà Ọba fárígá pé omi ọyàn ni, pé òun ni ìyá tó bí àwọn fi wo gbogbo àwọn. MC ò fi wọ́n rẹ́rìn-ín o, ńṣe ló gbé máíkì fún nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ojú, nọ́ọ̀sì wá ṣàlàyé pé kòkòrò àìsàn lè wà nínú omi ọyàn àti ìtọ̀, ó lè di egbò lójú, egbò yẹn sì lè fọ́ ojú pátápátá. Màmá ní, "Háà, ta ló wá sọ bẹ́ẹ̀ fún wa rí?"

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti glaucoma, torí òun ló fọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi lójú. Wọ́n bi wá pé nínú òun àti cataract, èwo ni iṣẹ́ abẹ lè mú kéèyàn tún padà ríran, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo tábìlì ló ní méjèèjì. Rárá o. Cataract ni èyí tí inú ojú á máa funfun bí kùrukùru, wọ́n á ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n á yọ ọ́, èèyàn á tún ríran. Glaucoma ní tiẹ̀, èyí tó wọ́pọ̀ jù kì í dunni, kì í yúnni, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ló ti máa ń jẹ ìríran bọ̀, o ṣì ń rí iwájú kedere, o rò pé ojú ẹ dáa, kó o tó mọ̀ ó ti jẹ ẹ́ dé àárín. Èyí tó bá ti lọ kì í padà, èyí tó kù ni oògùn àti iṣẹ́ abẹ lè dì mú. Àwa adúláwọ̀ ló ń bá jà jù, ó sì máa ń rìn nínú ìdílé, ẹ jọ̀ọ́ tẹ́nì kan bá ní in nílé yín, ẹ lọ yẹ ojú wò kó tó pẹ́ jù.

Wọ́n tún bèèrè nípa Louis Braille, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí wọ́n bí ní 1809, tó fara pa lójú lọ́mọ ọdún 3 tó sì padà fi àmì róbótó 6 péré tó ṣeé fọwọ́ kàn ṣe ìwé kíkà fún afọ́jú. Tí Kokoro sì dé, olórin tí ò ríran tó máa ń fi tambourine kọrin nígboro Èkó láyé ìgbà kan, àwọn ọ̀dọ́ ń wo ara wọn, bàbá kan lẹ́yìn ti pariwo "ọmọ Ọ̀wọ̀ ni!" kí ìdáhùn tó jáde.

Ó wá ku ibi tí ò dáa. Ojú tẹlifíṣàn ni ìbéèrè wà, àwọ̀ pupa, búlúù, yẹ́lò àti gíríìnì nìkan ló ń hàn lórí fóònù, ìṣẹ́jú àáyá 20 péré sì ni. Bọ̀dá tíṣà yìí ní TalkBack lórí fóònù wọn, ó máa ń ka nǹkan fún wọn, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ yára ju èmi lọ, àmọ́ kí ló fẹ́ kà nígbà tọ́rọ̀ ò sí lórí fóònù? Ẹ gbé àwọn tí ò ríran wá síbi kúìsì tó dá lórí wọn, wọ́n ò sì lè ṣe é, ìyẹn dùn mí. Bọ̀dá fúnra wọn ló nawọ́, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìbéèrè àti gbogbo ìdáhùn sókè kẹ́ ẹ tó tẹ aago." MC gbọ́, ó sì fi kún àkókò, àtìgbà yẹn ni tábìlì wa ti ń gòkè.

Bọ̀dá tíṣà yìí náà ni wọ́n kọ́ gbogbo ilé bí wọ́n ṣe ń mú ẹni tí ò ríran rìn, wọ́n lo èmi. Mo kọ́kọ́ gbá wọn lápá mú, wọ́n ní rárá, ẹ jẹ́ kí n di ìgúnpá yín mú, ẹ ṣíwájú mi díẹ̀, tẹ́ ẹ bá dé ibi àtẹ̀gùn ẹ sọ bóyá ó ń gòkè ni àbí ó ń sọ̀ kalẹ̀, tá a bá dé ìdí àga ẹ gbé ọwọ́ mi lé ẹ̀yìn ẹ̀, mo máa jókòó fúnra mi. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ mi, ẹ sọ, kí n má baà máa bá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ibẹ̀ wà o, àtẹ̀gùn ẹ̀ ò sì ní irin ìdìmú. Òfin àwọn aláàbọ̀ ara tí ìjọba àpapọ̀ buwọ́ lù ní January 2019 fún àwọn ilé tí gbogbo èèyàn ń wọ̀ ní ọdún 5 láti tún irú ẹ̀ ṣe, ọdún 5 yẹn sì ti kọjá. Kí wọ́n fi irin síbẹ̀, kò le.

Àsáró wọn dùn, ẹja inú ẹ̀ ló kéré. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú ẹni tí ò ríran lọ, ẹ pè wọ́n ṣáájú kí wọ́n fi yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà, kẹ́ ẹ sì rí i dájú pé wọ́n ṣì ń ka gbogbo ìdáhùn sókè. Èmi ti bá bọ̀dá tíṣà sọ ọ́, tábìlì kan náà la máa jókòó sí nígbà tó ń bọ̀.