Ẹ ṣọ́ra o: sípíkà àtijọ́ "méjì tó bára mu" tí kò bára mu

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lóde àríyá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, mo bẹ̀ yín, bí ẹnikẹ́ni bá fi sípíkà gìtá Celestion G12M méjì lọ̀ yín, tó ní ọdún 1971 ni wọ́n ṣe méjèèjì, tó sì fi àwòrán mítà tí wọ́n fi ń wọn iná tì í lẹ́yìn, ẹ má tíì sanwó. £260 ni mo san.

Ọmọ Yorùbá ni ẹni tó tà á fún mi. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Orí fóònù la ti ń sọ̀rọ̀, ó ń pè mí ní àbúrò, mo ń pè é ní ẹ̀gbọ́n. Mo bi í bóyá wọ́n ti tún wọn ṣe rí. Ó ní, "Àbúrò mi, ṣé èmi á wá rẹ́ ẹ jẹ ni? Ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò kàn wọ́n rí láti ilé iṣẹ́." Ó fi àwòrán méjì ránṣẹ́: mítà yẹ́lò kan lórí aṣọ tábìlì búráùn, ó ka 12.8 ohm (ohm ni ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà tó) lára èkíní, 12.7 lára èkejì. Ó wá ní kí n san owó náà lórí PayPal bí ẹni tó ń fún ọ̀rẹ́ lówó, kí wọ́n má baà yọ nǹkan kan lára rẹ̀. Mo gbà. Owó tí èèyàn bá gba ọ̀nà yẹn san, PayPal kì í bá a gbà á padà bí ọjà bá burú.

Greenback ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ sípíkà yìí sí, nítorí ike aláwọ̀ ewé tó bo òòfà rẹ̀. Íǹṣì 12 ni, wáàtì 25 ló sì lè gbà. Èyí tí wọ́n bá kọ Thames Ditton, ibi tí ilé iṣẹ́ Celestion wà láyé àtijọ́, sí bébà ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn èèyàn ń fi owó gọbọi rà. Ṣùgbọ́n wọ́n ń tẹ bébà ẹ̀yìn yẹn lákọ̀tun tà, nítorí náà kì í ṣe ẹ̀rí. Déètì tí wọ́n lù mọ́ irin ara rẹ̀ le láti ṣe ayédèrú ju ìyẹn lọ, tèmi sì pé, 1971 ni méjèèjì lóòótọ́. Irin yẹn nìkan ni déètì ń jẹ́rìí fún. Èèyàn lè ya bébà iwájú sípíkà, èyí tó ń mì tó ń gbé ohùn jáde, àti kọ́ìlì (wáyà tí wọ́n ká jọ) inú rẹ̀ dànù, kó fi òmíràn sí i, déètì ò ní kúrò níbi tó wà.

Nígbà tí mo gbé wọn dé, ọ̀kan ń dún bí ẹni tí imú rẹ̀ dí. Mo rò pé etí mi ni. Mi ò wọn sípíkà rí láyé mi, mo lọ ra mítà £12, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ.

Ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu wáyà mítà méjèèjì kan ara wọn. Tèmi ka 0.3. Iye yẹn lẹ ó máa yọ kúrò nínú ohun yòówù tó bá kà. Lẹ́yìn náà, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín bí sípíkà tí wọ́n kọ 16 ohm sí lára bá ka 12 tàbí 13; wáyà kọ́ìlì nìkan ni mítà ń rí, kò rí bó ṣe ń ṣe nígbà tí orin bá ń kọjá nínú rẹ̀. Èyí tó jẹ́ 8 ohm máa ń ka nǹkan bíi 6 sí 7. Èkíní mi ka 12.6. Èkejì ka 6.7. Mo fi aṣọ nu ibi tí wáyà ti ń wọ inú rẹ̀, mo pààrọ̀ bátìrì mítà, mo tún un wọ̀n. 6.7.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá owó o. Sípíkà 16 méjì tí a so pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, 8 ló máa jẹ́ lójú áńpílífáyà, ibẹ̀ ni mo sì yí tèmi sí. Pẹ̀lú 16 kan àti 8 kan, 5.3 ló di. Èyí tó jẹ́ 8 ló ń gba ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo agbára. Bí áńpílífáyà bá ń tú wáàtì 40 jáde, ó ju 26 lọ tó ń wọ inú sípíkà tí kò gbọ́dọ̀ gbà ju 25. Ká ní mo gbé e lọ òde ìsìnkú bẹ́ẹ̀, kí n fi òru mọ́jú ta gìtá, yóò jóná.

Mo wá wọn ibi tí bébà kọ̀ọ̀kan ti fẹ́ràn láti máa mì. Ẹ wá resistor (ohun kékeré tó ń dí iná lọ́nà) 100 ohm kan, ẹ so ó sí àárín áńpílífáyà kékeré àti sípíkà. Ẹ fi fóònù tú ohùn kan ṣoṣo jáde láti 40 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń mì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), kí ẹ máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, kí mítà yín sì wà lórí fólítéèjì AC (iná tó ń lọ tó ń bọ̀), níbi tí wáyà ti wọ sípíkà. Nọ́ńbà á máa gòkè, á dé téńté, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Téńté yẹn ni ẹ ń wá. Ẹ gbé sípíkà dúró, ẹ má dà á bolẹ̀ lórí tábìlì, kí ẹ sì wọn méjèèjì bákan náà nínú yàrá kan náà. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ọkọ̀ tútù bọ́ lè parọ́ fún yín. Èkíní mi dé téńté ní 74. Èkejì, 103.

Kì í ṣe gbogbo ìyàtọ̀ ni jìbìtì. Láyé ìgbà yẹn, Celestion ṣe oríṣi tó wà ní nǹkan bíi 75 Hz fún gìtá, ó sì tún ṣe ti 55 fún béèsì. Ẹni tó ní 75 àti 55 lè jẹ́ olóòótọ́ tó kàn kó oríṣi méjì pọ̀. Kò sí èyí tí 103 jẹ́ nínú méjèèjì. Mo tan iná sí etí bébà náà: gúlù tuntun ń dán, àmì ọ̀bẹ sì wà lára irin níbi tí wọ́n ti họ ti tẹ́lẹ̀ kúrò. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú pípààrọ̀ bébà o. Oníṣẹ́ gidi lè ṣe é kó dára gan-an. Kí ó ti sọ fún mi ni, kí ó sì dín owó rẹ̀ kù.

Bí ẹni tó ń tà á bá fi gíráàfù ránṣẹ́ sí yín pé ìlà ohùn sípíkà méjèèjì jọra, ẹ wo nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fún ìlà pọ̀ láti 0 dé 150 dB (ìwọ̀n bí ohùn ṣe le tó), tàbí tí wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà lọ̀ ọ́ kúnná, igbe ewúrẹ́ àti ohùn dùùrù á jọra lórí irú gíráàfù bẹ́ẹ̀.

Mo padà sídìí àwòrán rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní ẹ̀gbẹ́ ihò bóòtù kan, àmì kan wà níbi tí nǹkan ti họ irin náà, ó rí bí ìkọ́ ẹja. Àmì kan náà ló wà nínú àwòrán méjèèjì. Sípíkà kan ṣoṣo ló wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. Mo pè é, ó ní mítà mi ni kò dára. Mo fi àwòrán àmì yẹn ránṣẹ́ sí i, kò gbé ìpè mi mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ ní kó ṣe fídíò tí kamẹ́rà ò ní kúrò: kó fi déètì ara irin hàn, kó wọ̀n ọ́n, kó gbé èkejì wá, kó tún wọ̀n ọ́n. Ìṣẹ́jú méjì ni. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Lálẹ́ àná ni mo tún rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Aṣọ tábìlì búráùn, mítà yẹ́lò, 12.8 àti 12.7. Ó ti di £320.