Kẹ̀kẹ́ tí mo rà fún ajá mi: oṣù mẹ́sàn-án rèé

Ọ̀sẹ̀ tí mo ra kẹ̀kẹ́ ajá yìí (èyí tí wọ́n ń so mọ́ ajá tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́, kó lè fi rìn), mi ò kọ nǹkan kan nípa ẹ̀, inú mi ń dùn jù, irọ́ ni ǹ bá pa. Ó ti pé oṣù mẹ́sàn-án báyìí, ojú ti wálẹ̀.

Takisí Micra ló gbá Bíńgò l'Áṣẹ́rò lọ́jọ́ tí ẹnì kan ṣí géètì sílẹ̀ (Bíńgò lorúkọ ẹ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín, bàbá mi ló sọ ọ́). A gbé e dé ilé ìwòsàn ẹranko ní Alábàtà, wọ́n ya ẹ̀síréè, eegun ẹ̀yìn ló kàn. Dókítà fi ẹ̀mú mú ìka ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀, ó fún un pinpin, ajá ò tiẹ̀ wẹ̀yìn wò, àwa tá a dúró tì í là ń ṣe yéè. Ó ní tí ò bá ti mọ ìrora yẹn lára, ká má fi bẹ́ẹ̀ retí pé á tún dá rìn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi wà nínú kéèjì, lẹ́yìn náà ni mo wá kẹ̀kẹ́ lọ.

Ẹni tó tà á fún mi lórí fóònù ní kí n wọn ajá, mo wọ̀n ọ́n, gíga, fífẹ̀ ìbàdí, gígùn láti ẹ̀yìn ẹsẹ̀ iwájú dé ìdí ìrù. Owó tó gbà, máa fi ra òbúkọ gidi ní Lafẹ́nwá. Èyí tó gbé wá ṣì fi ìka mẹ́ta ga jù, gbogbo ara Bíńgò wá ń wọ́ síwájú bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ látorí Olúmọ, mo pè é, pè é, kò gbé e mọ́. Wẹ́dà kan ní Pánṣẹ́kẹ́ ló bá mi gé e. Táyà fóòmù ẹ̀ náà ò lò ju oṣù méjì lọ, òkúta ìlú wa ti jẹ ẹ́ tán, ti kẹ̀kẹ́ ọmọdé la fi rọ́pò. Bẹ́líìtì tún bó o lábíyá, àkísà àdìrẹ Ìtòkú ni mo fi wé e, òwú ni, kì í há a.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi kí n tó sanwó ni pé kẹ̀kẹ́ ò lè bá ajá tọ̀ o! Ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ni mò ń fi ọwọ́ méjèèjì wá àpò ìtọ̀ ẹ̀ kàn nínú ikùn, ó máa ń rí bí ọsàn kékeré tí wọ́n dì sínú ọ̀rá, máa rọra tẹ̀ ẹ́ títí á fi tú jáde. Tí mo bá jẹ́ kó pẹ́, ìtọ̀ á máa rùn, àrùn ti wọ̀ ọ́ nìyẹn, ó ti ṣe wá lẹ́ẹ̀mejì. Òru náà mo ní láti yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì kó má baà légbò. Kẹ̀kẹ́ ọ̀hún gan-an, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la fi bẹ̀rẹ̀, ọgbọ̀n ló dé báyìí, torí kò lè dùbúlẹ̀ nínú ẹ̀. Àti ẹ̀gbọ́n ládùúgbò tó ní kí n fún un ní ibuprofen, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò, ó máa ń ba inú àti kíndìnrín ajá jẹ́.

Nínú márùn-ún, méjì ni mo fún òǹtajà, wẹ́dà gba márùn-ún pé. Tí mo bá tún fẹ́ rà, Pánṣẹ́kẹ́ tààrà ni.

Lánàá ó lé ewúrẹ́ ìyá alámàlà dé etí gọ́tà, ewúrẹ́ fò ó, òun dúró síbẹ̀, ó ń gbó.