Àgbéyẹ̀wò ṣọ́ọ̀bù kan ní Wuse 2 tí wọ́n ti ń fi òwú fa irun ojú

Òwú tí ọmọbìnrin yẹn fi fa irun òkè ètè ẹni tó ṣíwájú mi ló tún fẹ́ fi fa tèmi. Irun wẹ́wẹ́ ṣì há sí ibi tí òwú ti lọ́ mọ́ra. Ó ti fi eyín di orí òwú mú, ó ní kí n dijú. Mo ní kó gé òmíràn. Ó ní, "Àǹtí, a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e ni o." Bẹ́ẹ̀ òwú odidi wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ohun tí oníbàárà kan nílò ò ju nǹkan bí 60 sẹ̀ǹtímítà lọ. Kí ni wọ́n ń ṣahun sí?

Kì í ṣe yangà ni mo ń ṣe. Irun tí òwú bá fà, tòun ti ìdí rẹ̀ ló ń jáde, ihò tó ti jáde á sì wà ní ṣíṣí fún ìgbà díẹ̀. Bí òwú bá ti gbé ìdọ̀tí láti ara ẹlòmíì, ibẹ̀ ló máa gbà wọlé, ló bá di eéwo wẹ́wẹ́. Eyín gan-an kọ́ ni mo ń bá jà, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Íńdíà náà nìyẹn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé tó bá ń tún òwú mú, ibi tí itọ́ ti kàn lè bọ́ sí ibi tó ń fa irun. Àwọn mìíràn máa ń gbé e kọ́ ọrùn ara wọn, ìyẹn mọ́ jù.

Ohùn mi ti ń lọ sókè kí ọ̀gá wọn tó jáde láti ẹ̀yìn. Kò bá mi jiyàn. Ó ju òwú yẹn nù, ó fọwọ́, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi ṣe é fún yín."

Ọwọ́ yẹn! Pàúdà ló kọ́kọ́ fi kàn mí lójú, torí òógùn àti òróró ara máa ń jẹ́ kí òwú yọ̀. Òwú gidi ló lò, kì í ṣe pọliẹ́sítà tó máa ń yọ̀ lára irun. Ó so orí méjèèjì pọ̀, ó nà án sọ́wọ́ méjèèjì, ó lọ́ àárín rẹ̀ bí ìgbà mẹ́jọ. Kò sí eyín, kò sí ọrùn níbẹ̀. Tó bá la ìka ọwọ́ ọ̀tún, ibi tó lọ́ yẹn á sáré lọ sápá òsì, á gbá irun mú, á sì fà á tu. Tó bá la ti òsì, á padà. Ó ní kí n fi ọwọ́ kan fa òkè irun ojú sókè, kí n fi ìkejì fa ìpéǹpéjú wálẹ̀. Ẹ má fojú kékeré wo èyí o: àwọn tó ń pariwo pé òwú gé àwọn, awọ wọn ló dẹ̀, òwú wá gbé e mọ́ irun.

Ti àgbọ̀n ló wú mi lórí jù. Irun tiwa tó máa ń ká, tí òwú bá mú un lórí dípò ìdí, ńṣe ló máa kán, èyí tó kù á ká sínú awọ, á di kókó. Ó fa àwọn tó gùn, ó ní, "Àwọn yòókù ò tíì tó fà, mà. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ná." Kò sì gba owó àgbọ̀n. Mélòó ló máa ṣe bẹ́ẹ̀ ní Àbújá yìí?

Àfìgbà tí ọmọbìnrin àkọ́kọ́ wá fi ìpara olóòórùn dídùn pa mí lójú, lórí awọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa irun rẹ̀! Ó ta mí bí ata. Áìsì tàbí aloe vera ló yẹ níbẹ̀. Pátákó ẹnu ọ̀nà ní ₦4,000, nígbà tí mo fẹ́ sanwó ó ti di ₦5,000. "Iye tuntun ni, mà." Ẹ yí pátákó yín padà nígbà náà!

Abẹ dínwó, àmọ́ ọjọ́ díẹ̀ ni irun fi ń hù padà; ti òwú máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Ẹni tó ń lo retinol (èròjà ìpara tó ń jẹ́ kí awọ òkè tètè ṣí) tàbí ìpara ìbóra, wax, ìyẹn ìda tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ irun láti fi fà á tu, lè bó awọ rẹ̀. Òwú sàn fún un.

Máàkì: 4 nínú 5. Ẹ béèrè ọ̀gá náà kẹ́ ẹ tó jókòó. Kì í wá lọ́jọ́ Ajé.